Obìnrin Tó Ń Kọ Ìdákẹ́jẹ́ Sílẹ̀

Yàrá tí obìnrin náà fi ọdún mọ́kànlá ṣiṣẹ́ kò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Kò ní fèrèsé, kò sì ní tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń ṣe nínú ilé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju tábìlì kan, àga kan tí tìmùtìmù rẹ̀ ti mọ ìdí olówó rẹ̀, kọ̀ǹpútà kan, tẹlifóònù kan, aago ara ògiri, àti íáfóònù ńlá kan tó ń bo etí méjèèjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa gbọ́. Àwọn ènìyàn mẹ́rìnlá ń gbé inú ilé kan tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ọgbà ilé iṣẹ́ náà. Ilé Onídígí ni wọ́n ń pe ilé ọ̀hún àti ètò tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán kún gbogbo igun rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ilé bá sọ lójú ọ̀sán, obìnrin yìí á kọ ọ́ sílẹ̀: ẹni tó sọ ọ́, ohun tó sọ, wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí àwọn tó ń gé àwòrán lókè lè rí ohun tí wọ́n ń wá láìjókòó wo odindi ọjọ́ tán. Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá gbà, wákàtí kan péré ni àwọn ènìyàn ń rí ní ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Elétí ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní bí èèrà méjì bá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ẹnìkẹta wọn ní àjà, Ìyá Elétí lè sọ ẹni tí wọ́n ń bú. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òótọ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan bá fi máa pé tí àwọn ará ilé wọlé, ó ti mọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá nínú èémí lásán. Ó mọ ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Ó mọ ẹni tó máa ń sunkún nílé ìwẹ̀ tó sì ń ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́. Ó mọ ẹni tó máa ń mí sínú díẹ̀ kó tó parọ́. Kò mọ ojú wọn àfi tó bá délé ní ìrọ̀lẹ́ tó wò wọ́n bí gbogbo ayé ṣe ń wò wọ́n, nígbà mìíràn ẹnu á sì yà á pé ohùn tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ń jáde lára ènìyàn tín-ínrín.

Kó tó dé ibẹ̀, akọ̀wé kóòtù ni fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Adájọ́ àgbàlagbà kan ló kọ́ ọ ní ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bi ẹlẹ́rìí kan ní ìbéèrè, ẹlẹ́rìí náà sì wolẹ̀, kò fèsì. Akọ̀wé gbé bírò sókè, ó ń retí. Adájọ́ wò ó láti orí àga.

“Akọ̀wé, kí lo ń dúró dè?”

“Olúwa mi, kò tíì sọ nǹkan kan.”

“Ó ti sọ ọ́. Kọ ọ́ pé ó dákẹ́, kí o sì kọ bó ṣe pẹ́ tó.”

Láti ọjọ́ náà ni ìdákẹ́jẹ́ ti wọ inú ìwé rẹ̀. Àwọn olùgbọ́ yòókù nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ. Tirẹ̀, wàá rí i láàárín ọ̀rọ̀ méjì: *Dídákẹ́, ìṣẹ́jú àáyá méjìlá. Dídákẹ́, ìṣẹ́jú kan.* Ọkùnrin tó máa ń gé àwòrán pọ̀ lókè, onírùngbọ̀n kan tó máa ń jẹ ìdérí bírò bí obì, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àlùmọ́gàjí ni ìnagijẹ tirẹ̀, nítorí gígé tó ń gé.

“Màmá, ta ló máa wá ìdákẹ́jẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi? Ṣé ẹ rí ẹni tó jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n tó ní òun ń wo ìdákẹ́jẹ́?”

“Jẹ́ kó wà níbẹ̀, ọmọ mi. Kì í jẹun, kì í mumi.”

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ẹni méjì ló wà nínú àwọn ará ilé tí ọ̀rọ̀ kàn. Òfin ètò náà ni pé wọn kì í pe orúkọ ara wọn, iṣẹ́ ọwọ́ oníkálukú ni wọ́n fi ń pè é. Ọ̀kan jẹ́ Tíṣà, obìnrin tó ti lé lógójì, tí ohùn rẹ̀ máa ń gún régé bí ẹni tó ń pe ìwé fún ọmọ kọ. Ìkejì jẹ́ Alágbàfọ̀, ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú ewé mìíràn á kún, orúkọ rẹ̀ kò ní í hàn níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyá Elétí fẹ́ràn èémí rẹ̀. Ó gùn, ó rọra, bí áyọ́ọ̀nù tó ń kọjá lórí aṣọ.

Ọkùnrin náà ò sì lẹ́rìn-ín lẹ́nu, àfi lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Lọ́jọ́ náà ó wà nínú yàrá ìfọṣọ Ilé Onídígí, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá láti ilé. Ó yíjú wo nǹkan kan lójú fèrèsé, áyọ́ọ̀nù sì jó ihò sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ẹni tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, tí kò jó aṣọ oníbàárà kankan rí, ó jó ti ara rẹ̀ níwájú gbogbo ayé. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sókè, ó fi ojú ihò wo òdìkejì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Elétí náà rẹ́rìn-ín nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ: *Alágbàfọ̀. Yàrá ìfọṣọ. Ẹ̀rín gígùn, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n.*

Ọjọ́ kẹtàlélógún ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé. Ọ̀sán ni. Àwọn ará ilé tó kù wà níta létí omi ìlúwẹ̀ẹ́, ariwo wọn ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Nínú yàrá ìfọṣọ, ẹ̀rọ kankan kò ṣiṣẹ́. Alágbàfọ̀ ń ká tówẹ̀lì. Ìyá Elétí gbọ́ ẹsẹ̀ Tíṣà tó wọlé, ó gbọ́ síìpù báàgì tó ṣí. Tíṣà wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì gún régé mọ́.

“Ọmọ mi ló ni ín. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré. Aṣọ ilé ìwé tó bọ́ sílẹ̀ nìyí, lọ́jọ́ tó dé tó ní orí ń fọ́ òun. Ọdún mẹ́rin rèé. Òórùn rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Mi ò tíì fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ náà.”

Alágbàfọ̀ kò fèsì. Ìyá Elétí wo aago, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ó gbọ́ ìró aṣọ, díẹ̀díẹ̀, bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ìṣẹ́jú kejì kọjá, ìkẹta kọjá. Èémí méjì ni ó ń gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tó yá wọ́n ń lọ sókè sódò pa pọ̀. Lẹ́yìn náà ni Alágbàfọ̀ sọ ẹyọ gbólóhùn kan, jẹ́jẹ́:

“Tíṣà, aṣọ yìí ò dọ̀tí.”

Ìyá Elétí kọ ọ́: *Dídákẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Ìró aṣọ.* Lẹ́yìn náà ó kọ gbólóhùn ọkùnrin náà. Ó wá ṣe ohun tí kò ṣe rí láàárín ọdún mọ́kànlá: ó bọ́ íáfóònù sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kò tíì tán, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti gbọ́ ìjẹ́wọ́ apànìyàn rí ní kóòtù. Ó ti gbọ́ ìgbéyàwó tó ń tú ká. Kò gbọ́ irú èyí rí. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé bí gbogbo ayé bá gbọ́ ọ lọ́la, wọn ò ní í gbàgbé ọkùnrin náà.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n kì í fi Ilé Onídígí ṣeré. Ó mọ àwọn ará ilé ju àwọn aládùúgbò lọ, ó ń gbàdúrà fún àwọn kan, ó sì ń bá àwọn kan ṣe ọ̀tá tọkàntọkàn. Ohun tó ń dùn ún ni pé àbúrò òun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ kì í la ẹnu.

“Ìwọ tó o wà níbẹ̀, o ò lè ta mí lólobó ẹyọ kan.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fọwọ́ síwèé.”

“Ìwé, ìwé. Ṣé ọwọ́ lo fi sí i ni àbí ẹnu?”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n. Tíṣà hàn, ó di aṣọ kékeré kan mú. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dé ìparí: “Mi ò tíì fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ náà.” Kíá ni ojú Alágbàfọ̀ hàn, ọkùnrin náà sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gígùn, orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ lórí àyà.

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.

“Ẹ wo ẹ̀dá,” ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. “Ó ń fi aṣọ ọmọ tó kú rẹ́rìn-ín. Ẹni tí mo ti ń sọ pé jẹ́ẹ́jẹ́ ló jẹ́. Inú ikùn wo ni irú ìyẹn ti jáde?”

Lábẹ́ ẹ̀rín náà, Ìyá Elétí gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè gbọ́: ìró áyọ́ọ̀nù tó ń tú èéfín. Áyọ́ọ̀nù kankan kò gbóná lọ́jọ́ kẹtàlélógún. Yàrá kan náà ni, aṣọ ilé kan náà tí gbogbo wọn ń wọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀, ẹni tó bá ń fojú wò kò lè mọ̀. Ó sì mọ bí wọ́n ṣe rí ẹ̀rín náà. Ẹnìkan ti lọ sídìí kọ̀ǹpútà lókè, ó tẹ *Alágbàfọ̀*, ó tẹ *yàrá ìfọṣọ*, ó tẹ *ẹ̀rín*, kọ̀ǹpútà sì mú un lọ tààrà síbi tí òun kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi gún ọkùnrin náà, òun ló bá wọn pọ́n ọn.

Ní òwúrọ̀, ó gòkè lọ bá Ọ̀gá tó ń darí ètò náà. Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó máa ń bèèrè àlàáfíà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fa àga fún un.

“Ọ̀gá, ẹ̀rín àná kọ́ nìyẹn.”

“Ṣé òun kọ́ ló rín in ni?”

“Òun ni.”

“Ṣé Tíṣà ò sọ ọ̀rọ̀ tó sọ ni?”

“Ó sọ ọ́.”

“Irọ́ wo la wá pa?”

“Ọjọ́ mẹ́fà ló wà láàárín wọn, sà. Ẹ gé orí ọ̀kan, ẹ gbé e lé ọrùn ìkejì, ẹ wá ní ènìyàn kan ṣáà ni.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì mu tíì. “Màmá, ilé tí kò ní ọ̀tá, ta ló ń yọjú wo inú ẹ̀? Àwọn tó ń wò wá ti ń dín kù. Gbogbo wọn ló fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó wọlé, pé a lè to àwòrán wọn bó bá ṣe wù wá. Ẹ̀yin náà fọwọ́ sí tiyín. Bó pẹ́ títí, ayé á gbàgbé.”

Ayé ò gbàgbé. Nígbà tó di ọgbọ̀njọ́, àwọn tó ń wò fi ìbò lé Alágbàfọ̀ jáde. Ó rìn jáde sáàárín èrò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé wọ́n wá kí òun ni. Nígbà tí ariwo ìbínú bò ó, ó wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi àwòrán náà hàn án. Ó ní òótọ́ ni òun rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ ń wí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Elétí di bùláòsì kan sínú ọ̀rá, ó wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ náà. Kò mọ ohun tóun ń lọ ṣe. Ẹnìkan ti fi ẹfun kọ “ARẸ́RÌN-ÍN ÒKÚ” sára ògiri. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń hàn. Okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ṣófo láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ìyàwó Alágbàfọ̀ jókòó sẹ́yìn káńtà.

“Màmá, ṣé ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ wà?”

“Ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ.”

“Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ẹnìkẹta tó máa wọlé láti ọjọ́ Ajé. Àwọn méjì tó kù, aṣọ wọn ni wọ́n wá kó.”

Lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹnìkan ń lọ aṣọ. Áyọ́ọ̀nù lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Kò pẹ́ tí Ìyá Elétí fi mọ̀ pé aṣọ kan náà ni, aṣọ tó ti gbẹ tó sì ti jọ̀lọ̀ látàárọ̀, tí wọn ò tíì gbé kúrò lórí tábìlì. Ó sì gbọ́ èémí tó mọ̀. Ó ti kúrú. Ó fi bùláòsì sílẹ̀, ó jáde kí omi ojú rẹ̀ tó bọ́.

Ọjọ́ àádọ́rin pé, ètò fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Àṣà kan wà tí wọ́n máa ń ṣe lọ́jọ́ ìkẹyìn: ará ilé kọ̀ọ̀kan tó bá kù á mú ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó wù ú jù lọ nínú gbogbo ìgbé ayé rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì fi hàn láìgé e rárá. Ijó ni àwọn ènìyàn sábà máa ń mú, tàbí ọjọ́ ìbí. Olùgbọ́ ló máa ń wá a nínú ìwé, tó máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí pélébé ìwé kan. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á tẹ nọ́ńbà náà, àwòrán á sì jáde lọ́wọ́ kan náà fún gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó ń yẹ nọ́ńbà Ìyá Elétí wò. Láàárín ọdún mọ́kànlá, kò ṣì í kọ rí.

Tíṣà wà lára àwọn mẹ́ta tó kù. Kò mọ ohun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe níta, kò sì mọ ìdí tí wọ́n fi lé Alágbàfọ̀. Ó ní ohun tóun fẹ́ rí ni ọ̀sán ọjọ́ kẹtàlélógún, nínú yàrá ìfọṣọ.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá sí kọ́bọ́ọ̀dù.

“Màmá, ti ọ̀rọ̀ Tíṣà. Èyí tá a ti tò tá a gbé jáde ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ mọ̀ ọ́n.”

“Wọ́n ní láìgé ni, sà.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n,” Ọ̀gá tún wí, ó sì lọ wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀, nítorí àwọn àlejò ti ń jókòó sínú gbọ̀ngàn.

Ó jókòó ti ìwé. Àwòrán tí wọ́n ti tò, ẹẹ́sàn-án ló máa ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀. Èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn, nọ́ńbà ọjọ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bírò ò wúwo, bẹ́ẹ̀ ó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá kọ ẹẹ́sàn-án, ọdún mẹ́rin ló kù tó máa fẹ̀yìn tì ní ìrọ̀rùn. Bó bá kọ mẹ́tàlélógún, kò ní iṣẹ́ mìíràn, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tí kò mọ nǹkan mìíràn ju gbígbọ́ lọ. Ó kọ mẹ́tàlélógún, ó kọ wákàtí, ó kọ ìṣẹ́jú, ó sì fọwọ́ sí i bó ṣe máa ń ṣe.

Kò pẹ́ tí tẹlifóònù orí tábìlì dún. Àlùmọ́gàjí ni, òun ló wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà.

“Màmá, nọ́ńbà ti Tíṣà yìí. Mẹ́tàlélógún ni mo rí o.”

“Ohun tí mo kọ nìyẹn.”

Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà mí sínú, tó dá èémí dúró, tó sì tú u sílẹ̀. “Ó dáa, mà.”

Iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde sí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́, ó ń lọ sí ibùdókọ̀. Lódìkejì títì, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n. Mọ́kànlá ló wà lójú gíláàsì, gbogbo wọn ló sì wà ní títàn. Ó tó ogójì ènìyàn tó dúró síwájú rẹ̀: àwọn tó ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀, obìnrin kan tó gbé búrẹ́dì, awakọ̀ kan tó fi èrò sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wá na ọrùn wò. Ó dúró lẹ́yìn wọn.

Tíṣà hàn, mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan náà. “Mi ò tíì fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ náà.” Àwọn èrò ti ń yọ ṣùtì, wọ́n ń retí ẹ̀rín náà kí wọ́n lè tún ṣépè.

Ẹ̀rín kò wá.

Ohun tó wá ni ohun tí Ìyá Elétí fúnra rẹ̀ kò rí rí. Ó ti kọ ìdákẹ́jẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo. Ó rò pé àwọn méjèèjì kàn dúró ni, tí wọ́n ń sunkún. Kò mọ̀ pé Alágbàfọ̀ gbé tówẹ̀lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò mọ̀ pé ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin gàgàrà náà kúnlẹ̀ sórí táìlì, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ tuntun fún. Tíṣà wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó wò ó fún odindi ìṣẹ́jú kan, ó gbé aṣọ náà síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó tún gbé e síwájú. Lẹ́yìn náà ó fi lé e lọ́wọ́.

Alágbàfọ̀ kò gbé e sórí tábìlì. Orí itan ara rẹ̀ ló tẹ́ ẹ sí. Ó ti àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ni wọ́n. Ó ká apá ọ̀tún, ó ká apá òsì, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò nà án, ìka rẹ̀ kàn ń bà á díẹ̀díẹ̀ kí òórùn inú rẹ̀ má baà jáde. Nígbà tó ká a tán, kò ju ìwé ọmọdé lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà fún ìyá ọmọ.

Ní òpópónà náà, awakọ̀ nawọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì. Fóònù ẹnìkan dún, olówó rẹ̀ sáré pa á láìwò ó. Ìyá Elétí ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbọ́ ènìyàn, ẹnì kan, ẹni méjì, ẹni mẹ́rìnlá. Kò gbọ́ títì rí kó máa mí. Ogójì ènìyàn tí kò mọ ara wọn rí, èémí wọn ń lọ sókè sódò pa pọ̀, bó ṣe gbọ́ ti àwọn méjì yẹn nínú íáfóònù. Gbọ̀ngàn náà hàn díẹ̀ lẹ́bàá àwòrán. Ọ̀gá ti fẹ́ dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí ojú àwọn àlejò rẹ̀, ó sì rọra padà jókòó. Ìyá Elétí ń kà nínú ara rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń kà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mọ́kànlá.

“Tíṣà, aṣọ yìí ò dọ̀tí.”

Bàbá arúgbó kan bọ́ fìlà orí rẹ̀. Obìnrin oníbúrẹ́dì ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀rín yẹn wá ńkọ́? Níbo ló wà?”

Awakọ̀ ní, “Kò sí níbẹ̀ rárá.”

Nígbà tó délé, tẹlifíṣọ̀n ti wà ní pípa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó síbẹ̀.

“Ìwọ lo ṣe é?”

“Mo ti fọwọ́ síwèé.”

“Ó dáa. Má sọ ọ́.” Ó fọwọ́ lẹ́rán. “Ikùn ìyá ọkùnrin yẹn tí mo bú nínú ilé yìí, èmi agbẹ̀bí. Ta ló máa bá mi kó ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀?”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé kan ti wà lórí tábìlì Ọ̀gá. Ojú rẹ̀ ti wú, kò sì sí tíì níwájú rẹ̀.

“Màmá, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ fẹ́ mọ bí ẹ̀rín ṣe dé ọjọ́ kẹtàlélógún. Ẹ fọwọ́ sí i pé nọ́ńbà yín ló ṣì, pé ẹ kọ ẹ̀rín sí ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí àwọn tó ń gé àwòrán sì tẹ̀ lé e. Àṣìṣe ni. Ta ni kì í ṣe àṣìṣe? Kò ní í sí ìjìyà kankan, ẹ ó wà lórí àga yín títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì.”

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ka ìwé ní kóòtù.

“Tí mo bá fọwọ́ sí èyí, á jẹ́ pé mo kọ ohun tí mi ò gbọ́.”

“Ṣé nítorí alágbàfọ̀ kan lásán lẹ ṣe máa ju iṣẹ́ sílẹ̀?”

Kò fèsì. Ọ̀gá ń retí. Aago ara ògiri ń lọ. Ká ní ó wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ni, ohun tí ì bá kọ síbẹ̀ ni: *Dídákẹ́, ìṣẹ́jú àáyá ogún.* Ó gbé íáfóònù rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó ká wáyà rẹ̀ dáadáa, ó gbé e lé orí ìwé tí kò fọwọ́ sí.

Àlùmọ́gàjí ń dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Kò jẹ ìdérí bírò kankan.

“Màmá, èmi ni mo gé ẹ̀rín yẹn mọ́ ọn. Wọ́n ní kí n ṣe é ni, mo sì ṣe é.”

“Mo mọ̀.”

“Lánàá, mo mọ ohun tó wà nínú nọ́ńbà yẹn kí n tó tẹ̀ ẹ́.”

“Ìyẹn náà mo mọ̀, ọmọ mi. Mo gbọ́ bó o ṣe mí.”

Ó tó bí oṣù kan kó tó rántí bùláòsì rẹ̀. Ó mú kọ́tìnì ilé dání pẹ̀lú rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ. Wọ́n ti kun ògiri ṣọ́ọ̀bù náà ní funfun. Aṣọ kún okùn débi pé ènìyàn ní láti tẹrí ba kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Alágbàfọ̀ ló wà lẹ́yìn káńtà, ìyàwó rẹ̀ ń to aṣọ lẹ́yìn. Ó wo obìnrin tó wọlé, ó sì kí i bí wọ́n ṣe ń kí oníbàárà tí wọn ò mọ̀ rí.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Orúkọ wo ni ká kọ sí i?”

Ọjọ́ ọgbọ̀n ló fi gbé inú etí rẹ̀. Ó mọ bó ṣe ń sùn lọ́sàn-án, ó mọ bó ṣe ń gbé omi mì. Kò mọ èyí tó yẹ kóun sọ nínú ẹ̀.

“Ẹ kọ Ìyá Elétí.”

Ọkùnrin náà kọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ na ọrùn láti ẹ̀yìn, ó wo pélébé ìwé náà, ó wo olówó orúkọ.

“Ìyá Elétí? Ẹ dákun, mà, ẹ bá mi bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Etí tiẹ̀, ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi dá a. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ yìí pé áyọ́ọ̀nù ẹ̀ wà lórí aṣọ.”

Alágbàfọ̀ yíjú padà, ó rí èéfín tó ń rú, ó sáré gbé áyọ́ọ̀nù náà. Ó gbé aṣọ abẹ́ rẹ̀ sókè. Ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ni. Ihò wà láàárín àyà rẹ̀. Ó fi ojú ihò wo ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó gòkè, orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ìyá Elétí di etí káńtà mú, ó ń gbọ́, kò sì wo aago.